Àwọn Aláàárù Tí Wọ́n Ń Pè Ní George

Ilé ni àwọn baba wa máa ń wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, fún bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn tí òfin ti kéde pé oko ẹrú ti dópin, àgbàlagbà lè wà, ọlọ́mọ àti onílé, tí ewú ti gba orí rẹ̀ kan, kí ọmọ ogún ọdún tí ó fẹ̀yìn ti ìjókòó nínú ọkọ̀ ojú irin ju ìka sí i, kí ó pè é ní George, kí àgbà náà sì fi ẹ̀rín jẹ́ ẹ. Kì í ṣe pé George ni ìyá rẹ̀ sọ ọ́. George ni orúkọ ẹni tí ó ni ọkọ̀, George Mortimer Pullman. Bí wọ́n sì ti ń fi orúkọ olówó ẹrú pe ẹrú láyé àtijọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń fi orúkọ ọ̀gá pe gbogbo àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Àwọn tí mo fẹ́ sọ ìtàn wọn kì í ṣe ẹrú mọ́ nínú ìwé òfin, ṣùgbọ́n ẹrù ṣì wà lórí wọn, orúkọ ẹlẹ́rù sì wà lára wọn.

Bí a bá ní kí àwọn òpìtàn ka àwọn ìkòríta ńlá tí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yà gba ọ̀nà mìíràn, orúkọ àwọn Ààrẹ ni wọn yóò kọ́kọ́ dá, lẹ́yìn náà ogun, lẹ́yìn náà ìdájọ́ àwọn ilé ẹjọ́. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé bí ènìyàn bá fi sùúrù tọ ipasẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìkòríta wọ̀nyí padà sẹ́yìn, ti 1941, ti 1955 àti ti 1963, yóò bá ọwọ́ àwọn aláàárù ojú irin níbẹ̀, tí àwọn tí wọ́n ń gbé ẹrù wọn kò tilẹ̀ mọ orúkọ wọn.

Pullman kọ́ ni ó dá ọkọ̀ ojú irin sílẹ̀ o. Ohun tí ó rí ni pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbòòrò débi pé arìnrìn-àjò lè wà lójú irin fún ọ̀sán méjì òru mẹ́ta, kí ọrùn máa dùn ún, kí ẹ̀yìn máa ro ó. Ní 1867 ó dá ilé iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kan ọkọ̀ tí ó dà bí ààfin tí ń rìn: kápẹ́ẹ̀tì nílẹ̀, aṣọ àrán lára ìjókòó, àtùpà, dígí, àti ìjókòó tí ń di ibùsùn nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Kì í ta àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fún àwọn elérélùwéè. Ńṣe ni ó ń fi wọ́n háyà, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń fi òṣìṣẹ́ sínú wọn. Àwọn tí ó wá fún iṣẹ́ náà ni àwọn ọkùnrin dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lóko ẹrú ní ìhà gúúsù. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: owó wọn kò wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe ìránṣẹ́ nílé olówó rí, àwọn èrò tí wọ́n sì ra ìwé ọkọ̀ ààfin náà yóò rí i bí ẹni pé àwọn pẹ̀lú ti ní ẹrú tiwọn, bí ó tilẹ̀ ṣe òru ọjọ́ kan.

Iṣẹ́ aláàárù yìí ju ẹrù gbígbé lọ. Òun ni ó ń gba àpótí lọ́wọ́ èrò, òun ni ó ń tẹ́ ibùsùn, òun ni ó ń rẹ ọmọ tí ń sunkún, òun ni ó ń jí ẹni tí yóò sọ̀ ní ìdájí. Nígbà tí gbogbo ọkọ̀ bá sì ti ń han-anrun, yóò kó bàtà wọn jọ, yóò máa dán wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ojúmọ́ yóò fi mọ́, pẹ̀lú pọ́líìṣì tí ó fi owó ara rẹ̀ rà. Wákàtí 400 ni ó gbọ́dọ̀ ṣe lóṣù, tàbí kí ó rin máìlì 11,000, kí owó rẹ̀ tó pé. Wákàtí tí ó sì fi ń palẹ̀ ọkọ̀ mọ́ kí èrò tó wọlé kò sí nínú ìṣirò. Ní 1926 owó oṣù aláàárù jẹ́ dọ́là 72 ààbọ̀. Èyí tí ó kù, kí ó lọ wá a lọ́wọ́ èrò. Níbẹ̀ gan-an ni ọgbọ́n àrékérekè ilé iṣẹ́ náà wà, nítorí ó sọ ẹ̀rín di irinṣẹ́: aláàárù tí kò bá lè rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá bú u, ebi ni yóò pa ọmọ rẹ̀ nílé. Àwa tí a rántí ayé òyìnbó, tí wọ́n ń pe bàbá olójú-mẹ́rin ní bọ́ì nítorí pé ó ń se oúnjẹ ọ̀gá, kò ní ṣòro fún wa láti mọ irú ẹ̀rín tí ó jẹ́.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí tilẹ̀ ní apá ẹ̀fẹ̀ tirẹ̀. Ní 1914 oníṣòwò pákó kan, òyìnbó aláwọ̀ funfun tí ń jẹ́ George Dulany, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti fòpin sí pípe aláàárù ní George. Ẹ má tètè súre fún un. Ohun tí ń dun Dulany ni pé orúkọ rere bíi tirẹ̀, orúkọ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́, tí Washington tí í ṣe Ààrẹ àkọ́kọ́ jẹ́, ti wá di orúkọ ẹni tí ń dán bàtà. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ náà, àwọn bí 12,000, 362 péré ni wọ́n sọ ní George nílé bàbá wọn. Ní 1926 ilé iṣẹ́ Pullman gbà láti máa fi káàdì tí orúkọ aláàárù wà lára rẹ̀ sínú ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ èrò kò wo káàdì náà.

Pullman kò fi ọ̀rọ̀ orúkọ ṣeré ní tirẹ̀, nítorí ó kọ́ ìlú kan sí ìhà gúúsù Chicago fún àwọn tí ń kan ọkọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ìlú náà ní Pullman. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dojú rú ní 1893, ó gé owó iṣẹ́ wọn, kò sì dín owó ilé tí wọ́n ń san fún un. Ní ọdún kejì wọ́n yanṣẹ́ lódì. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Eugene Debs jẹ́ olórí rẹ̀ gbè wọ́n, ọkọ̀ ojú irin sì dúró gbagidi káàkiri, títí Ààrẹ Cleveland fi kó ṣọ́jà jáde, tí wọ́n sì ju Debs sẹ́wọ̀n. Ìkòríta ńlá ni ìyẹn pẹ̀lú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí ń ké fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ yìí kan náà kò gba aláwọ̀ dúdú láàyè láti wọlé, nítorí náà ìjà ọjọ́ náà kò kan àwọn aláàárù. Nígbà tí Pullman kú ní 1897, ẹ̀rù ń ba àwọn ará ilé rẹ̀ pé òṣìṣẹ́ lè wá hú òkú rẹ̀, wọ́n sì fi kọnkéré àti irin dí ibojì rẹ̀ pa. Ta ni ó bọ́ sórí àga rẹ̀? Robert Lincoln, ọmọ Abraham Lincoln tí ó kéde ìdásílẹ̀ àwọn ẹrú. Títí di 1911 ni ọmọ ẹni tí ó já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ fi jókòó ti ìwé owó oṣù àwọn ọmọ ẹni tí wọ́n já ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.

Síbẹ̀, bí a bá sọ ìyà wọn tí a kò sọ iyì wọn, a ti parọ́. Ní àdúgbò àwọn dúdú, ẹni ńlá ni aláàárù Pullman: aṣọ rẹ̀ mọ́, owó rẹ̀ kò lè wọ́n pátápátá, ojú rẹ̀ sì ti là. Ó ti gbọ́ ohun tí àwọn olówó ń bá ara wọn sọ, nítorí pé wọn kì í ka ẹni tí ń bu omi fún wọn sí ènìyàn tí ó létí. Nígbà tí Robert Abbott dá ìwé ìròyìn Chicago Defender sílẹ̀ ní 1905, tí ó ń sọ ìwà ìkà ìhà gúúsù láìfi bò, àwọn aláàárù ni ó ń bá a kó o lọ sísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn aláṣẹ kò ti fẹ́ fojú rí i. Ẹni tí ó mọ̀wé yóò kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé ní ilé ìjọsìn àti ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀; báyìí ni wọ́n ṣe gbọ́ pé iṣẹ́ wà ní Chicago, pé ọmọ dúdú lè lọ sí ilé-ìwé ní Detroit. Láàárín nǹkan bí 1916 sí 1970, àwọn bíi mílíọ̀nù 6 kó ẹrù wọn kúrò ní gúúsù. Ìwé ìròyìn nìkan kọ́ ni ó lé wọn, ìyà àti okùn ìpani wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò sá àsálà ní láti kọ́kọ́ mọ ibi tí ó ń sá lọ.

Asa Philip Randolph kò fi ọjọ́ kan ṣe aláàárù rí. Ọmọ pásítọ̀ tí ń ránṣọ ni, wọ́n bí i ní Crescent City ní ìpínlẹ̀ Florida ní 1889. Ó dé Harlem ní 1911, ó sì dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí kò bẹ̀rù ìjọba. Ó ga, ohùn rẹ̀ sì rinlẹ̀ bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn aláàárù ló wá bá a, ìdí wọn sì mọ́gbọ́n wá: ẹni tí kò jẹun lábẹ́ Pullman, Pullman kò lè gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1925, ní Harlem, wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ará Àwọn Aláàárù Ọkọ̀ Ibùsùn sílẹ̀. Ó yẹ kí a dárúkọ ìyàwó rẹ̀ Lucille níhìn-ín, ẹni tí ó ní ilé ìṣerun ní Harlem. Owó irun ni ó fi bọ́ ilé, òun náà ni ó fi bọ́ ìwé ìròyìn ọkọ rẹ̀, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ pẹ̀lú sì jẹ nínú rẹ̀.

Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí, ilé iṣẹ́ náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí ó fi ń já àwọn ọwọ́ náà kúrò lára ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń ran amí sínú ọkọ̀. Ẹni tí wọ́n bá mọ̀ pé ó wọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1928 Randolph pe ìyanṣẹ́lódì, ó sì tún dá a dúró kí ọjọ́ tó pé, nítorí ó rí i pé àwọn tí yóò rọ́pò àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wà nílẹ̀. Ìtìjú ńlá ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sá lọ bí omi inú ajere, ìṣẹ́ tí ó kárí ayé sì tún dé bá wọn lórí rẹ̀. Títí di 1934, nígbà tí ìjọba Ààrẹ Roosevelt tún òfin rélùwéè ṣe kí ó lè kan àwọn aláàárù pẹ̀lú, ọwọ́ wọn kò tíì tẹ eèkù idà. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e wọ́n dìbò, ẹgbẹ́ wọn sì borí. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 1937, ọdún 12 géérégé sí ọjọ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀, Pullman fọwọ́ síwèé. Wákàtí 400 di 240, owó oṣù sì gòkè. Ohun tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Amẹ́ríkà jókòó sí tábìlì pẹ̀lú àwọn ọkùnrin dúdú, ó sì kọ orúkọ wọn bí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ.

Lẹ́yìn èyí ni ìtàn aláàárù wá kúrò lójú irin. Ní 1941, nígbà tí ogun ti ń jó ní Yúróòpù, àwọn ilé iṣẹ́ tí ń rọ ohun ìjà ń wá òṣìṣẹ́ tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n wọ́n ń ti aláwọ̀ dúdú sẹ́yìn lẹ́nu ọ̀nà. Randolph ní òun yóò kó 10,000 ènìyàn wọ Washington. Kò pẹ́ ó sọ ọ́ di 100,000. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà, Roosevelt pè é wá sí Ilé Funfun, ó fi ọ̀rọ̀ dídùn rọ̀ ọ́, Randolph kò sì yẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fọwọ́ sọ̀yà pé 100,000 yóò jáde lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti fi ọdún 12 dúró de Pullman mọ bí a ti ń dúró de Ààrẹ. Ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀, Roosevelt gbé Àṣẹ 8802 jáde, èyí tí ó ka ìyàsọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ léèwọ̀ nínú iṣẹ́ ohun ìjà, Randolph sì dá ìrìn náà dúró. Àwọn ọ̀dọ́ kan bínú pé ó tètè gbà. Ní tèmi, wọ́n jàre díẹ̀, nítorí àṣẹ náà kò fọwọ́ kan ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pàṣẹ lórí ìyẹn, Randolph yìí kan náà ni ó sì wà nídìí rẹ̀.

Ní Montgomery, ní Alabama, aláàárù Pullman kan wà tí ń jẹ́ Edgar Daniel Nixon, olórí ẹ̀ka ẹgbẹ́ níbẹ̀. Kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìjókòó ìpàdé, ó mọ owó ẹgbẹ́ gbà, ó sì mọ bí a ti ń bá ẹni tí ó juni lọ sọ̀rọ̀ láìwolẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Rosa Parks ní ọjọ́ 1 oṣù kejìlá ọdún 1955 nítorí pé ó kọ̀ láti dìde fún òyìnbó nínú bọ́ọ̀sì, Nixon ni ó lọ gba onídùúró rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí Jo Ann Robinson àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń pín ìwé tí wọ́n fi òru tẹ̀, Nixon ń fi tẹlifóònù pe àwọn pásítọ̀ ìlú. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ àlejò ọmọ ọdún 26, Martin Luther King. Ọjọ́ 381 ni àwọn dúdú ìlú náà fi fẹsẹ̀ rìn, tí wọn kò wọ bọ́ọ̀sì. Ayé mọ King, ó sì tọ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ìpàdé àkọ́kọ́ yóò jókòó, Nixon kò lè sí níbẹ̀. Ó ní láti lọ ṣiṣẹ́ rẹ̀ lójú irin.

Ní ọjọ́ 30 oṣù karùn-ún ọdún 1922, wọ́n ṣí ilé ìrántí Abraham Lincoln ní Washington. Robert Lincoln, tí ó ti darúgbó, jókòó sí àyè ọlọ́lá. Àwọn dúdú tí wọ́n pè síbẹ̀, ìhà ọ̀tọ̀ ni wọ́n kó wọn sí. Ọdún 41 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ ọdún 1963, àwọn bí 250,000 kún iwájú ilé náà, wọn kò sì ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀. Ìrìn tí Randolph ti dá dúró láti 1941 ni, Bayard Rustin ni ó sì bá a ṣètò rẹ̀. Lucille kò rí i. Oṣù kẹrin ọdún náà ni ó kú. Randolph, ẹni ọdún 74, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, tí èrò ti túká, Rustin rí bàbá náà tí ó dá dúró, ó lọ gbá a mọ́ra. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, ère Lincoln sì wà lẹ́yìn rẹ̀.