Ogun Ẹ̀yà Ìgbà Òkúta Lórí Tábìlì, fún Ẹnìkan Ṣoṣo

Eré ogun orí tábìlì ni eré tí wọ́n ń fi ère ọmọ-ogun kéékèèké, dáìsì àti ìwọ̀n ta. Ojú tábìlì ni pápá, òkúta wẹ́wẹ́ àti igi àtọwọ́dá ni ilẹ̀ ibẹ̀, ìwé òfin ló sì ń sọ bí ère kọ̀ọ̀kan yóò ṣe rìn, bí yóò ṣe jà àti ìgbà tí yóò kú. Ẹ̀ka rẹ̀ kan dá lé ayé ìgbà òkúta: ọdẹ tó mú ọ̀kọ̀ olórí òkúta dání, erin onírun gígùn tí wọ́n ń pè ní mammoth, ẹ̀yà méjì tó ń du odò kan ṣoṣo. Àwọn tó fẹ́ràn ẹ̀ka yìí kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wọn fi ń dá a ta.

Inú iṣẹ́ ológun gan-an ni eré ogun orí tábìlì ti ṣẹ̀. Ní 1824, ọmọ-ogun Prussia kan, Georg von Reisswitz, gbé Kriegsspiel jáde láti fi kọ́ àwọn ọ̀gá ológun bí a ti ń darí ogun. Ní 1913, H. G. Wells, òǹkọ̀wé ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé Little Wars jáde, ó sì sọ ọ́ di eré inú ilé. Ní 1973, Donald Featherstone kọ odindi ìwé kan, Solo Wargaming, fún ẹni tí kò rí ẹni bá ta. Ẹgbẹ́ Solo Wargamers' Association náà tẹ ìwé ìròyìn Lone Warrior fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro adánìkanta kò fara sin. Ẹni tó ń ta tọ̀tún tòsì mọ ohun tó wà lọ́kàn apá méjèèjì, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè ba de ara rẹ̀. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí wọ́n gba ìpinnu lọ́wọ́ ọ̀tá, kí wọ́n gbé e fún dáìsì. Ibi tí ìgbà òkúta ti ju àwọn ogun yòókù lọ nìyí, nítorí ẹranko kì í pète. Nínú Tusk, ìwé òfin tí Matthew Hartley kọ lórí ọdẹ erin onírun, dáìsì ló ń sọ bóyá ẹranko náà yóò sá, yóò dúró tàbí yóò kọjú sí ọdẹ. Palaeo Diet náà jẹ́ eré ọdẹ tí èèyàn lè dá ta.

Láti sọ eré ọdẹ di ìjà ẹ̀yà, ohun àkọ́kọ́ ni kí a fún àwọn ọ̀tá ní ìwà tiwọn. Ẹ jẹ́ ká ní ọkùnrin mẹ́jọ láti ìsàlẹ̀ odò yọ sí àwọn tiwa níwọ̀n ibi tí ọ̀kọ̀ lè dé. A ju dáìsì. Bí ó bá mú ení tàbí èjì, wọ́n fà sẹ́yìn sínú igbó. Bí ó bá mú ẹẹ́ta tàbí ẹẹ́rin, wọ́n dúró, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń ju òkúta. Bí ó bá mú àrùn-ún tàbí ẹẹ́fà, wọ́n ya bò wá. Bí olórí wọn bá ti ṣubú, a yọ ení kúrò nínú ohun tí dáìsì bá mú. Ìlànà Chain Reaction tí Ed Teixeira ṣe fún Two Hour Wargames jọ èyí: ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí ère ló ń mú un fèsì, kò ní dúró de ìgbà tó bá kàn án.

Fún apá tiwa, òfin Song of Blades and Heroes ti Andrea Sfiligoi bá a mu gan-an. Ẹni tó ń ta ni yóò yàn bóyá dáìsì kan, méjì tàbí mẹ́ta ni òun fẹ́ jù fún jagunjagun kan. Èyí tó bá yege di ìgbésẹ̀ kan. Bí méjì bá kùnà, àǹfààní bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá. Ojúkòkòrò máa ń fìyà jẹni níbẹ̀, ohun tó sì dùn nínú rẹ̀ náà nìyẹn.

Ibi tí àwọn mìíràn ti ń ṣì í ni pé wọ́n ń to ẹ̀yà bí ẹgbẹ́ ọmọ-ogun Róòmù, ìlà kọjú sí ìlà. Ohun tí àwọn awalẹ̀pìtàn rí kò jọ bẹ́ẹ̀. Ní Nataruk, nítòsí adágún Turkana ní Kenya, wọ́n rí egungun èèyàn 27 tó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún. Abẹ òkúta dídán kan ṣì há sí agbárí ọkùnrin kan. Ní Jebel Sahaba ní Sudan, àyẹ̀wò tí wọ́n tún ṣe ní 2021 sí òkú 61 fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ní ọgbẹ́ tó ti jinná àti èyí tí kò jinná lára kan náà. Ìkọlù òjijì lemọ́lemọ́ ni wọ́n fara gbá, kì í ṣe ogun ọjọ́ kan. Nítorí náà, ó yẹ kí eré náà ní àtẹ̀lé: ẹni tó fara pa lónìí yóò tiro wọ ìjà tó ń bọ̀, ẹ̀yà tó bá sì pàdánù odò yóò wọ ọ̀gbẹlẹ̀ pẹ̀lú ebi.

Kò pọn dandan kí pápá eré náà jẹ́ ilẹ̀ yìnyín ní Yúróòpù. Ihò Eléérú nítòsí Àkúrẹ́, níbi tí ikọ̀ awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw ti wú agbárí èèyàn ayé àtijọ́ jáde ní 1965, ní àwọn òkúta pẹlẹbẹ kéékèèké tí wọ́n gé, ẹni tó bá sì fẹ́ lè to igbó kìjikìji sórí tábìlì rẹ̀. Àwọn tó ń kó dinosaur mọ́ èèyàn lè máa ṣeré wọn lọ, àmọ́ nǹkan bíi mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn ni dinosaur ti kú tán.

Nínú gbogbo àtúnṣe wọ̀nyí, èyí tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fò ni òfin ìsá. Kí ẹ̀yà tí ìdámẹ́ta àwọn ènìyàn rẹ̀ bá ti ṣubú ju dáìsì láti mọ̀ bóyá yóò dúró tàbí yóò sá. Láìsí òfin yìí, títí dórí ẹni tó kẹ́yìn ni wọn yóò máa jà, eré náà yóò sì gùn ju bó ṣe yẹ lọ.