Ọwọ́ Tó Ń Jó Bí Iná: Ìtàn Ìdárayá Fún Ìrora Iṣan

Lásìkò ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, ilé ìwòsàn Turner's Lane ní Philadelphia ni wọ́n ń kó àwọn ọmọ ogun tí ọta ìbọn ba iṣan ìmọ̀lára wọn jẹ́ lọ. Silas Weir Mitchell, George Morehouse àti William Keen tó ń tọ́jú wọn kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé lọ́dún 1864. Ojú ọgbẹ́ á ti jiná tán, síbẹ̀ ọwọ́ á ṣì máa jó ẹni náà bíi pé ó wà nínú iná. Bí nǹkan kékeré bá kàn án, igbe ni. Àwọn kan kì í jẹ́ kí aṣọ tútù kúrò lára ọwọ́ náà. Àwọn mìíràn ń bu omi sínú bàtà wọn. Ìrora yìí ni Mitchell wá ń pè ní causalgia.

Abẹ́rẹ́ mọ́fíìnì ni wọ́n fi ń bá a jà. Ọwọ́ tó rọ ni wọ́n ń wọ́, tí wọ́n ń nà. Èyí tó ń jó, ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Mitchell yìí kan náà ló tún gbé ìwé jáde lọ́dún 1877, tó ní kí àwọn tí àárẹ̀ ti mú dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, kí wọ́n máa mu mílíìkì. Ìsinmi gbilẹ̀ nínú ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ tí a kò lò, oríkèé rẹ̀ á gan, ìrora á sì máa le sí i.

Àmọ́ lọ́dún 1965, àwọn olùwádìí Ronald Melzack àti Patrick Wall ṣàlàyé pé ìmọ̀lára ìfọwọ́kàn lè dí ìrora lọ́nà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, kó tó dé ọpọlọ.

Ìdárayá tó wù mí jù dé lọ́dún 1987, láti ọwọ́ àwọn olùwádìí Watson àti Carlson, lórí ìrora tó bá causalgia tan. Aláìsàn á kúnlẹ̀, á fi ọwọ́ tó ń dùn ún di búrọ́ọ̀ṣì mú, á fi ara tẹ̀ ẹ́, á sì máa fi fọ pákó lọ, bọ̀. Tó bá dìde, á fi ọwọ́ yẹn gbé báàgì tó wúwo díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ní fipá ká oríkèé rẹ̀. Ọwọ́ lè wú, kó sì dùn sí i ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́, kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀.

Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán iṣan rẹ̀ kò gbọdọ̀ dán an wò fúnra rẹ̀, torí nínà lè já a. Ẹ kọ́kọ́ lọ rí oníṣẹ́ físíò.