Ọwọ́ Lórí Àyà, Ọwọ́ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ara

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Èjìgbò, ohun kan máa ń yà mí lẹ́nu nígbàkúùgbà tí Bàbá Bouaké bá wá sílé fún Iléyá. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ilé rẹ̀ wà ní àdúgbò Zone industrielle ní Bouaké, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, níbi tó ti ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti bàbá mi, ọ̀dọ̀ àáfà kan náà ni wọ́n ti ké kéú. Ṣùgbọ́n bí àsìkò ìrun bá tó, bàbá mi á ju ọwọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, Bàbá Bouaké á gbé ọ̀tún lé òsì lórí àyà. Wọn kì í kírun tẹ̀lé ara wọn. Bí ọ̀kan bá wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, èkejì á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Èrò mi nígbà yẹn ni pé ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹ̀rí, kí èkejì má ní. Nígbà tí mò ń kàwé fún oyè másítà ni mo tó lọ wá ọ̀rọ̀ náà wò nínú ìtàn.

Ọkọ̀ ojú irin láti Abidjan dé Bouaké ní ọdún 1912. Ní àwọn ọdún 1920, Robert Gonfreville, ará Faransé, dá ilé-iṣẹ́ aṣọ sílẹ̀ níbẹ̀. Orí ilẹ̀ àwọn Baoulé ni ìlú náà wà, ṣùgbọ́n Júlà, Mọsí, Hausa àti àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó lọ́hùn-ún, rọ́ wọ ibẹ̀ torí òwò. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá-bàbá rẹ ni. Ẹni tó bá dé síbẹ̀ lè bi àáfà ní ìbéèrè tí kò jẹ́ bi í nílé.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́ onímọ̀ tó ti dé Mẹ́kà àti Cairo bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Ní Bouaké, Tiékoro Kamagaté wà lára àwọn tó kọ́kọ́ wàásù ẹ̀kọ́ tuntun yìí. Àwọn Faransé pè wọ́n ní Wahábì; ará ìlú pè wọ́n ní bras croisés, àwọn aká-ọwọ́-láyà. Ọ̀rọ̀ wọn kò ju ẹyọ kan lọ: ẹ mú ẹ̀rí wá. Níbo ni Àlùkùráánì ti ní kí a so tírà mọ́ ọrùn? Hádíìsì wo ló ní kí a fọ wàláà kí a mu omi rẹ̀, tàbí kí a ná owó ọdún kan sórí òkú ọjọ́ mẹ́jọ? Lansiné Kaba, tó kọ ìwé lórí wọn ní 1974, fi hàn pé àwọn oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú wọn. Kò yà mí lẹ́nu. Ẹni tó ń ṣírò èrè lójoojúmọ́ á tètè gbọ́ ìwàásù tó ní kó má náwó sí ìnáwó òkú mọ́.

Ẹ̀rù ba ìjọba Faransé. Marcel Cardaire, ọ̀gá ológun wọn kan, gbárùkù ti Amadou Hampâté Bâ àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fẹ́ máa fi èdè abínibí kọ́ni ní ẹ̀sìn, kí àwọn ọ̀dọ́ má bàa sá tẹ̀lé àwọn onílé-kéú tuntun. Ní 1957, ní Bamako, wọ́n kọlu ilé àwọn Wahábì, wọ́n sì bà wọ́n jẹ́.

Ẹ wá wo ẹ̀rí tí wọ́n ń fi bá ara wọn jà nípa ọwọ́. Ímáàmù Màlíkì, tó kú ní Mẹ̀dínà ní 795, ni ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń tẹ̀lé. Nínú Muwatta, ìwé tí òun fúnra rẹ̀ kó jọ, orí kan wà lórí gbígbé ọwọ́ kan lé èkejì nínú ìrun. Aká-ọwọ́-láyà á ṣí i, á ní: ìwé olórí yín náà rèé! Ṣùgbọ́n nínú Mudawwana, níbi tí Ibn al-Qasim, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ti ń sọ ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, Màlíkì ní òun kò mọ̀ ọ́n nínú ìrun ọ̀ranyàn. Àwọn kan á ní gómìnà ló na Màlíkì tí èjìká rẹ̀ fi yẹ̀, ìdí nìyẹn tí kò fi lè gbé ọwọ́. Ìtàn yẹn dùn, àmọ́ kò pọn dandan. Ìlànà Màlíkì ni pé bí odindi ìlú tí Ànábì gbé, tó sì kú sí, bá ń ṣe nǹkan láti ọ̀dọ̀ baba dé ọ̀dọ̀ ọmọ, ìṣe wọn lágbára ju ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan ṣoṣo gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan lọ. Nítorí náà, ohun tí àwọn ọ̀dọ́ Bouaké ń pè ní àṣà lásán, ẹ̀rí ni níbẹ̀rẹ̀. Àwọn bàbá wa ti gbàgbé ẹ̀rí náà ni; ọwọ́ nìkan ló ṣẹ́kù. Lójú gbogbo àwọn ímáàmù ńlá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kankan nínú méjèèjì kò sì ba ìrun jẹ́.

Kano ló tilẹ̀ wá da ọ̀rọ̀ náà rú mọ́ mi lójú pátápátá. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jà lórí ọwọ́ ní àwọn ọdún 1950 àti 1960, ṣùgbọ́n àwọn tó ń gbé ọwọ́ láyà níbẹ̀ kì í ṣe Wahábì. Ọmọlẹ́yìn Ibrahim Niasse ni wọ́n, olórí Tijániyà láti Kaolack ní Senegal. Ẹ́míà Muhammadu Sanusi wà lára wọn. Wahábì sì gbà pé àdádáálẹ̀ ni Tijániyà! Ọwọ́ kan náà, hádíìsì kan náà. Ọ̀tá ara wọn ló ń lò ó. Bó bá jẹ́ ẹ̀rí nìkan ló ń darí ènìyàn ni, ìlú méjèèjì ì bá ti dé ibi kan náà. Mi ò ní torí èyí sọ pé àròjinlẹ̀ kò já mọ́ nǹkan nínú ẹ̀sìn. Òun ló fún ọmọdé ní ẹnu láti bi àgbà léèrè. Ṣùgbọ́n ó jọ pé ènìyàn ti máa ń mọ ẹni tó fẹ́ dúró tì kó tó ṣí ìwé.

Nígbà tí ogun bẹ́ ní 19 September 2002, tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba Bouaké, Bàbá Bouaké ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó padà sí Èjìgbò pẹ̀lú àpò kan. Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo kúnlẹ̀ kí i, mo bi í bó ṣe di aká-ọwọ́-láyà. Mo ti mú bírò dání fún hádíìsì tó máa kà fún mi.

Ó ní nígbà tí òun dé Zone ní 1974, òun kò gbọ́ Júlà, òun kò mọ ẹnikẹ́ni. Àwọn aká-ọwọ́-láyà ló ń kọ́ òun ní ìwé kíkà lálẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́yìn tí òun bá ti ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé òun lọ sí ọsibítù nígbà tí ibà dá òun dùbúlẹ̀.

Mo wá sọ ohun tó wà nínú Mudawwana fún un. Ó rẹ́rìn-ín. "Mo ti kà á, ọmọ mi. Ó ti pẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún bàbá mi, sà?"

"Àbúrò mi ò bi mí ní ẹ̀rí rí. Ohun tó bi mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ọwọ́ láyà nílé yìí ni pé, ṣé gbogbo ìrun tí bàbá wa kí títí tó fi kú ni kò gbà? Mi ò fún un lésì. Ọ̀dọ́ ni mí, mo rò pé èmi ni mo jàre."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi wọlé, ó ṣe àlùwàlá, ó tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá Bouaké dìde, ó lọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí àyà.