Adéyẹmí Afọláyàn: Ta Ni Ó Ni Sinimá?

Ọ̀rọ̀ mi dá lórí Adéyẹmí Afọláyàn, ọmọ Àgbàmú ní Ìpínlẹ̀ Kwárà, ẹni tí ayé mọ̀ sí Adé Love. Àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Ìjà Òmìnira tí ó jáde ní 1979, a ó dárúkọ Adébáyọ̀ Fálétí, nítorí pé láti inú ìwé rẹ̀, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, ni ìtàn náà ti wá. A ó dárúkọ Ọlá Balógun tí ó darí rẹ̀. A ó sì gbójú fo olóòtú tí ó ru ẹrù owó. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ní 1966 ni ó wọ ẹgbẹ́ òṣèré Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá. Ní 1971 ó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ní 1976, ọdún kan náà tí a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú, ó ṣe Àjàní nínú Àjàní Ògún tí Balógun darí. Nígbà tí ó di 1980, ó gbé Kádàrá jáde: òun ni ó kọ ọ́, òun ni ó darí rẹ̀, òun náà ni ó ṣe olú ẹ̀dá-ìtàn.

Kí ni iṣẹ́ olóòtú nígbà náà? Òkè òkun ni a ń kó fọ́nrán sinimá lọ kí wọ́n tó fọ̀ ọ́, owó ilẹ̀ òkèèrè ni a sì ń san. Ẹ̀dà tí ó ń padà bọ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà kò sí ẹni tí olóòtú lè fi í lé lọ́wọ́ kí ó sì sùn. Àwọn òṣèré fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e láti ìlú dé ìlú, bí wọ́n ti ń gbé eré orí-ìtàgé kiri tẹ́lẹ̀. Wọn a háyà gbọ̀ngàn, wọn a jókòó ti ilẹ̀kùn, wọn a gba owó.

Ọmọdé ni mo wà ní Oǹdó nígbà tí wọ́n gbé Kádàrá dé. Inú gbọ̀ngàn ń hó, ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà ni n kò gbàgbé. Kò wo sinimá náà rárá. Orí ènìyàn ni ó ń kà.

Ó ní ìdí. Bàbá Sàlá ṣe Ọ̀run Móoru ní 1982. Àwọn olè dà á sínú fídíò, wọ́n ń tà á káàkiri, gbèsè sì wọ olóhun lọ́rùn. Adé Love kò tìtorí èyí sinmi: ó ṣe Ìjà Orogún, Taxi Driver àti Ìyá Ni Wúrà, ó sì darí Moṣebọ́látán fún ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. (Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀, kí ọmọ-iṣẹ́ máa darí ọ̀gá.) Lẹ́yìn 1986 tí náírà já wálẹ̀, fọ́nrán sinimá di ohun àwọn olówó ńlá. Ó kú ní 1996.

Àbúrò rẹ̀ Tóyìn, àti àwọn ọmọ rẹ̀ Mojí, Kúnlé, Gabriel àti Àrẹ̀mú, gbogbo wọn ni wọ́n wọ iṣẹ́ náà. Kúnlé gbé Ìràpadà jáde ní 2006, òun náà sì di olóòtú.

Mo bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi léèrè ta ni ó mọ Adé Love. Ọwọ́ kan ṣoṣo ni ó nà sókè. Ọmọ náà ní, “Ọ̀jọ̀gbọ́n, bàbá Kúnlé ni.” Mo ní kí ó jókòó, mo sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà láti Àgbàmú.