Ìbọn Ṣakabùlà àti Ọwọ́ Alágbẹ̀dẹ

Àwọn àgbà ní ìbọn tó lápátí, ìbọn tí kò lápátí, kò sẹ́ni tí í jẹ́ kí wọ́n dojú rẹ̀ kọ òun. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ní ń rọ apátí ọ̀hún? Bí a bá ń sọ ìtàn ogun ilẹ̀ Yorùbá, orúkọ àwọn jagunjagun là ń pè: Ògèdèǹgbé Ìlẹ́ṣà, Látòósà Ìbàdàn, Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí. Alágbẹ̀dẹ tó jókòó ti ẹwìrì kì í sábà bá wọn wọ inú ìtàn.

Ìbọn kọ́ la bá láyé. Ọfà, idà àti ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi ń jagun látijọ́. Ẹṣin sì ni agbára Ọ̀yọ́. Etí òkun ni ìbọn gbà wọlé, lọ́wọ́ Òyìnbó oníṣòwò tó ń fi í ra ẹrú. Nígbà ogun Òwu, ní nǹkan bí 1820 sí 1825, ìbọn tí àwọn Ìjẹ̀bú rà létí òkun wà lára ohun tó ṣẹ́gun Òwu, nítorí idà àti ìjà àfojúkojú ni Òwu gbójú lé. Òyìnbó ń pe ìbọn náà ní Dane gun nítorí àwọn oníṣòwò Dẹ́nmáàkì tó ń kó o wá. Àwa ń pè é ní ṣakabùlà.

Ẹnu ni wọ́n ti ń ki ètù àti ọta sí ṣakabùlà. Bí apátí bá ṣubú, iná á ṣẹ́, ètù á gbiná. Ó ń pẹ́ kí wọ́n tó ki í tán, òjò sì lè bà á jẹ́. Àmọ́ ó ní àǹfààní ńlá kan: kò sí ohun tó wà lára rẹ̀ tí ojú alágbẹ̀dẹ kò tó. Bí apátí kán, á rọ òmíràn. Bí ìdí rẹ̀ là, gbẹ́nàgbẹ́nà wà nítòsí. Ọta pàápàá, irin tí wọ́n rọ lágbẹ̀dẹ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, àwọn alágbẹ̀dẹ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rọ odindi ìbọn fúnra wọn. Ògún ló ni iṣẹ́ náà, ọdẹ, jagunjagun àti alágbẹ̀dẹ sì jọ ń bọ ọ́ ni.

Ogun Kírìjì ló yí ọ̀rọ̀ padà. Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀ ló wọ̀yá ìjà, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà ní Èkó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, irú èyí tí wọ́n ń ki lẹ́yìn. Ó ń yára, ó sì ń lọ jìnnà. Ìbàdàn jìyà rẹ̀ gan-an. Wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà ní 1886, ṣùgbọ́n ó di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká.

Ṣé ẹ wá rí i? Ìbọn tuntun yìí ní agbára, ṣùgbọ́n ọta rẹ̀ kò ṣeé rọ lágbẹ̀dẹ. Ọjọ́ tí ọkọ̀ òkun kò bá gbé e dé, igi lásán ló dì mú. Ẹni tó bá sì ń tà á fún ọ ti mọ iye tó kù lápò rẹ. Ní 1892, àwọn Ìjẹ̀bú kojú Gẹ̀ẹ́sì ní Ìmàgbọ̀n. Wọ́n ní ìbọn púpọ̀, wọ́n sì láyà, àmọ́ ìbọn Maxim tó ń yìn léraléra ló pàdé wọn. Wọ́n ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú.

Ṣakabùlà kò kú o. Òfin ìbọn ti 1959 yà á sọ́tọ̀, ó ní ẹni tó bá fẹ́ ní in gbọ́dọ̀ gbàwé àṣẹ. Ọdẹ ṣì ń gbé e wọgbó, wọ́n ṣì ń yìn ín nígbà ìsìnkú ọdẹ. Kò sì yẹ kí á máa pọ́n ọn ju bó ti yẹ lọ: èyí tí wọn kò rọ dáadáa a máa bẹ́ mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́, olè náà sì ń wá alágbẹ̀dẹ kiri. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ fi padà sọ́dọ̀ ẹni tó di ọmọ owú mú. Láyé àtijọ́, ó ń mọ ẹni tí òun ń rọ ìbọn fún, ó sì ń mọ ilé bàbá rẹ̀. Bí kò bá mọ̀ ọ́n mọ́ lónìí, ìwé àṣẹ nìkan kò lè gbà wá.