Ọwọ́ Tí Ó To Asọ̀rọ̀mágbèsì

Nígbà tí rédíò dé ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ènìyàn wa sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí pé ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Orúkọ náà bá a mu púpọ̀. Síbẹ̀, bí a bá wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, a óò rí i pé àwọn kan wà lẹ́yìn ẹ̀rọ yìí tí a kò gbọ́ ohùn wọn rí. Àwọn ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n jókòó ti tábìlì ní ilé-iṣẹ́, tí wọ́n ń to inú rẹ̀ pọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. A mọ orúkọ àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú kan ẹ̀rọ. A sì ń ka orúkọ ilé-iṣẹ́ lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ ẹni tí ó fi ọwọ́ tò ó? Ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí yẹ ní gbígbọ́, nítorí pé ó ń fi hàn wá bí ayé ṣe ń dá iye lé iṣẹ́ ọwọ́.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1947, ní ibùdó ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà, John Bardeen àti Walter Brattain ṣe transistor àkọ́kọ́. Àwọn àti William Shockley, tí ó jẹ́ aṣáájú wọn, ni ó jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1956. Ohun kékeré yìí ni ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìgò tí ó dà bí gílóòbù, tí wọ́n máa ń gbóná nínú rédíò àtijọ́. Nítorí pé kì í jẹ iná púpọ̀, bátìrì tó láti mú un sọ̀rọ̀. Rédíò kúrò ní ohun tí a ń gbé kalẹ̀ sí pálọ̀ olówó, ó di ohun tí àgbẹ̀ lè gbé kọ́ èjìká lọ sí oko. Ní ọdún 1955 ni ilé-iṣẹ́ kan ní Japan, tí ó wá sọ ara rẹ̀ ní Sony ní ọdún 1958, gbé irú rédíò bẹ́ẹ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Àwọn wo ni ó ń tò ó? Àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé ni, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti abúlé, tí wọ́n sì ń gbé inú ilé tí ilé-iṣẹ́ pèsè fún wọn. Àwọn ará Japan ń pè wọ́n ní ọmọge transistor.

Kí ni iṣẹ́ náà gan-an? Òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀mú tín-ín-rín mú ohun tí kò tó hóró ìrẹsì, yóò gbé e sí àyè rẹ̀, yóò sì fi òjé yíyọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Bí òjé bá pọ̀ jù, iná yóò gba ibi tí kò yẹ kọjá. Bí ó bá kéré jù, ẹ̀rọ kò ní ṣiṣẹ́. Nígbà tí ṣíìpù dé ní àwọn ọdún 1960, iṣẹ́ náà tún kéré sí i. Òṣìṣẹ́ ní láti tẹjú mọ́ maikirosíkóòpù fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kí ó máa fi okùn wúrà tí ó tín-ín-rín ju irun orí lọ so ṣíìpù mọ́ àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Iye tí ó gbọ́dọ̀ parí ní ojúmọ́ wà lákọsílẹ̀, alábòójútó sì ń kà á. Ojú ni iṣẹ́ yìí kọ́kọ́ ń mú, kí ó tó kan ọrùn àti ẹ̀yìn.

Ibì kan wà tí iṣẹ́ yìí ti di aṣọ híhun pátápátá. Kọ̀ǹpútà tí ó darí ọkọ̀ Apollo dé òṣùpá ní oṣù Keje ọdún 1969 kò ní ìrántí bí ti kọ̀ǹpútà òde òní; híhun ni a hun ún. Ní ilé-iṣẹ́ Raytheon ní ìlú Waltham, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, àwọn obìnrin ni ó ń ti wáyà bọ inú àwọn òrùka kéékèèké. Bí wáyà bá gba inú òrùka kọjá, ení ni. Bí ó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, òdo ni. Ọ̀nà tí wáyà gbà ni àṣẹ tí kọ̀ǹpútà yóò tẹ̀ lé. Àwọn kan nínú àwọn obìnrin náà ti ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ tàbí ti aago rí. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń hun ẹyọ kan, àṣìṣe kan ṣoṣo sì lè ba àṣẹ jẹ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a máa fi àwàdà pè é ní ìrántí ìyá arúgbó. Àwàdà ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí àwọn tí ó lọ sí òṣùpá so mọ́ ọwọ́ ìyá arúgbó náà.

Ní ọdún 1965, ilé-iṣẹ́ Fairchild dá iṣẹ́ títo ṣíìpù sílẹ̀ ní Shiprock, lórí ilẹ̀ àwọn Navajo ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Àwọn Navajo wà lára àwọn tí ó ni ilẹ̀ Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé, àwọn obìnrin wọn sì lókìkí nínú híhun ẹní onírun àgùntàn. Obìnrin ni ó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́, kò sì pẹ́ tí òṣìṣẹ́ ibẹ̀ fi lé ní ẹgbẹ̀rún. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé tuntun ní ọdún 1969, ìwé pélébé tí ilé-iṣẹ́ náà tẹ̀ jáde fi iṣẹ́ ọnà ara ẹní Navajo wé ìlà inú ṣíìpù, bí ẹni pé iṣẹ́ náà ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin náà tẹ́lẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1975, lẹ́yìn tí wọ́n dá òṣìṣẹ́ tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún dúró, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ American Indian Movement gbé ìbọn wọ ilé-iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà á fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Fairchild ti ilẹ̀kùn, kò sì padà mọ́. Ìyìn inú ìwé pélébé kò gba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni là.

Àwa tí a mọ òfì, kò yẹ kí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ tàn wá jẹ. Ọmọ tí a bí sí agboolé ahunṣọ ní Ìsẹ́yìn kò mú ọ̀kọ̀ lọ́wọ́ wáyé. Ó jókòó ti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n, òwú já mọ́ ọn lọ́wọ́, wọ́n bá a wí, ó tún un so, kí aṣọ rẹ̀ tó ṣeé gbé lọ sí ọjà. Bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin tí ń hun kìjìpá. Ẹ̀kọ́ ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 1981, àwọn onímọ̀ méjì, Diane Elson àti Ruth Pearson, ṣàlàyé pé ọwọ́ yíyá tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń wá lára ọmọbìnrin kì í ṣe àbímọ́ni: nínú aṣọ rírán àti iṣẹ́ ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nítorí pé inú ilé ni ẹ̀kọ́ náà ti wáyé, tí kò sí ìwé ẹ̀rí fún un, a kò kà á sí ìmọ̀. Ohun tí a kò bá sì kà sí ìmọ̀, a kì í san owó ìmọ̀ lé e lórí. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ọwọ́ òṣìṣẹ́ ti rí ẹni tí yóò máa dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìsan owó.

Ní ọdún 1972, ìjọba Malaysia ṣí àgbègbè Bayan Lepas ní erékùṣù Penang fún àwọn ilé-iṣẹ́ òkèèrè. Intel àti Hewlett-Packard wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin abúlé ni ó bá ara wọn nídìí maikirosíkóòpù níbẹ̀ àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Malaysia. Aihwa Ong, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, kọ nípa ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ àwọn ará Amẹ́ríkà kan ní Sungai Way ní ọdún 1978. Bí ọgọ́fà òṣìṣẹ́ ní ẹ̀ka maikirosíkóòpù ni ẹ̀mí gùn. Ilé-iṣẹ́ náà ní láti ti ilẹ̀kùn fún ọjọ́ mẹ́ta, a sì pe adáhunṣe kan kí ó wá pa ewúrẹ́ nínú ọgbà ibẹ̀. Ong kò fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà, kò sì pè é ní àìsàn lásán. Lójú tirẹ̀, àwọn tí kò rí àyè fi ẹnu ara wọn sọ pé iṣẹ́ náà ń pọ́n wọn lójú ni ẹ̀mí gba ẹnu wọn sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti rí elégùn rí yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a kò lè sọ ní tààrà a máa wá ẹnu mìíràn gbà jáde.

Ọwọ́ àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀ràn yìí. A lè dárúkọ sányán, àlàárì àti ẹtù. Ta ni nínú wa ni ó lè dárúkọ ẹni tí ó hun èyí tí bàbá rẹ̀ wọ̀ ní ọjọ́ ìgbéyàwó? Àwọn àgbà sọ pé àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni àyà nìkan ni a máa ń yìn. Lónìí, a ń fẹ́ kí àwọn ilé-iṣẹ́ wá máa to fóònù àti kọ̀ǹpútà ní ilẹ̀ wa, kí àwọn ọ̀dọ́ lè rí iṣẹ́ ṣe. Ìfẹ́ rere ni. Àwọn tí ń tún fóònù ṣe ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà ti fi hàn pé ọwọ́ tí ó mọ̀ ọ́n kò wọ́n wa. Ní ọjọ́ tí ilé-iṣẹ́ náà bá dé, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí yìn wá pé ọwọ́ àwọn ọmọbìnrin wa yá, ẹ jẹ́ kí a béèrè iye tí wọn yóò san fún ọdún tí wọ́n fi kọ́ ọ.