Ọ̀nà Tí Òṣìṣẹ́ Gbà Dé Ẹ̀kọ́ Ìjìnlẹ̀ Nípa Ìṣàkóso Òṣìṣẹ́ ní Nàìjíríà

Iṣẹ́ yìí tọpasẹ̀ bí ẹ̀kọ́ ìjìnlẹ̀ lẹ́yìn oyè àkọ́kọ́ nípa ìṣàkóso òṣìṣẹ́ ṣe di ohun tí ẹni tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè lépa ní Nàìjíríà. Èrò wa ni pé ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ bèèrè ìmọ̀ náà kí yunifásítì tó ṣílẹ̀kùn ní àsìkò tí òṣìṣẹ́ lè wọlé. Àìráyè ló dí wọn lọ́wọ́, kì í ṣe àìlóye.

Kíkàwé mọ́ iṣẹ́ kì í ṣe tuntun láàrin wa. Ní ọdún 1944 ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ gba oyè ìmọ̀ òwò ti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù nípa kíkàwé láti ilé. Ní ti ìṣàkóso òṣìṣẹ́, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1968; òfin ìjọba ológun kejìdínlọ́gọ́ta ti 1992 ló wá sọ ọ́ di CIPM tí a mọ̀ lónìí. Ìdánwò ẹgbẹ́ yìí ni ọ̀pọ̀ ń fi òru kà sí.

Kí ló mú kí ìmọ̀ náà di dandan? Ìgbìmọ̀ Udoji jábọ̀ ní 1974. Owó oṣù tó lọ sókè nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rántí, débi pé Udoji di orúkọ owó ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ náà tún fẹ́ kí iṣẹ́ ìjọba ní alákòóso tí a kọ́ níṣẹ́, tí a ó fi àbájáde iṣẹ́ díwọ̀n. Ní 1978, ìjọba pa àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kéékèèké pọ̀ di 42. Ọ̀gá tó ń bá ẹgbẹ́ inú iléeṣẹ́ rẹ̀ nìkan dúnàá-dúrà tẹ́lẹ̀ wá ń kojú ẹgbẹ́ tó kárí orílẹ̀-èdè. Ìrírí nìkan kò tó mọ́.

Yunifásítì Èkó ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ní 1974, àmọ́ oyè àkọ́kọ́ ni. Ní 1983, wọ́n ṣe òfin Yunifásítì Aláìníbodè ti Orílẹ̀-èdè, èyí tí a mọ̀ sí NOUN. Ní oṣù kẹrin 1984, ìjọba ológun tì í pa. Ọdún 2001 ni wọ́n tó jí i dìde. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà tí ilẹ̀kùn náà tì ti ń súnmọ́ àádọ́ta kó tó ṣí.

Ní ọdún 2001 yìí kan náà ni àjọ NUC pàṣẹ pé kí yunifásítì ti àwọn ẹ̀ka tí wọ́n dá sílẹ̀ káàkiri ìlú. A kò lè jiyàn pé gbogbo ẹ̀ka wọ̀nyẹn ló dára. Síbẹ̀, lójú tiwa, ó yẹ kí àyẹ̀wò ṣáájú àdá, nítorí kíláàsì ìparí ọ̀sẹ̀ ni àyè kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní.

Àwa olùkọ́ lè má tètè rí ìṣòro yìí. Ètò sandwich bá wa mu nítorí pé ilé-ìwé ń ní ìsinmi gígùn. Òṣìṣẹ́ tó ń ṣàkóso ènìyàn ní báńkì tàbí ilé-iṣẹ́ kò ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá lọ ìsinmi, òun gan-an ló ń fọwọ́ sí ìwé rẹ̀.